Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ (stroke) ti dínkù ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ṣé Southwark tiwa náà ni?

Àbẹ̀kẹ́_SE15 · Ọjọ́ Ajé, 8:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, ẹ bá mi dá sí i.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ènìyàn mẹ́ta ni rọpárọsẹ̀ ti dá dùbúlẹ̀ nínú ìjọ wa níbí ní Peckham, ní Southwark. Kò sí ẹni tó tíì pé ọgọ́ta ọdún nínú wọn. Ẹni tó kéré jù, ọmọ ọdún 43 ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ó jí láti lọ síbi iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ kó de okùn bàtà, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni, àfìgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo wá lọ ń ka nǹkan kiri nípa àìsàn yìí. Ohun tí mo rí ni pé láàárín 1995 sí 2010, rọpárọsẹ̀ dínkù ní Lambeth àti Southwark, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú 100. Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé Southwark mìíràn wà ni? Àbí àwa la ò mọ̀ pé ibi tó dáa là ń gbé?

---

Tẹ̀mi_Ò_Kan_Yín · 8:52 àárọ̀

Southwark tí àwọn olówó ń gbé létí odò ni wọ́n kà, Àǹtí. Wọn ò tíì dé Rye Lane 😂

Ẹ má bínú o. Ọlọ́run á gbé wọn dìde.

---

Olùṣirò_Manchester · 10:05 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, nọ́ńbà tí ẹ rí yẹn kì í ṣe irọ́, ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí náà kì í ṣe irọ́. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, nítorí iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi ń jẹun.

Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní South London Stroke Register. Ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, King's College London ló ń bójú tó o. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé apá kan Lambeth àti Southwark tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n á wá a rí. Wọn kì í jókòó sí ọsibítù kan kí wọ́n máa retí. Wọ́n á bi àwọn GP (dókítà àdúgbò), wọ́n á yẹ ìwé ẹ̀rí ikú wò. Ẹni tó bá yè, wọ́n á padà lọ bá a lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdọọdún. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ tó báyìí kò wọ́pọ̀ lágbàáyé.

Ní 1995 sí 1998, nínú 100,000 ènìyàn, 247 ló ń ní in lọ́dún. Ní 2007 sí 2010, ó ti di 149.5. Ìdá 39.5 nínú 100 tí ẹ rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n wọ́n tú u palẹ̀ ní àwọ̀ àti ọjọ́ orí. Ti àwọn òyìnbó já wálẹ̀ dáadáa. Ti àwa aláwọ̀ dúdú, ó kúrò ní 310.1, ó bọ́ sí 267.5. Ó jọ pé ó dínkù díẹ̀, àbí? Nínú ìṣirò, a ò lè pe ìyẹn ní ìdínkù, nítorí àwọn tí a kà kò pọ̀ tó, ó lè jẹ́ èèṣì lásán. Bákan náà ni ti àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 44: 12.6 sí 10.1. Kò kúrò lójú kan.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ọjọ́ orí tí rọpárọsẹ̀ ń bá ènìyàn ní àdúgbò yẹn, bí a bá dà á pọ̀ ká pín in, 71.7 ni tẹ́lẹ̀. Ó bọ́ sí 69.6. Àwọn àgbàlagbà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó kéré ò bọ́.

---

Bàbá_Camberwell · 11:40 àárọ̀

Mo ti wà ní ìlú yìí láti 1981, mo sì ti gbọ́ oríṣiríṣi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nílé wa, àwọn bàbá wa ò mọ ohun tó ń jẹ́ rọpárọsẹ̀. Bàbá mi lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó kú, oko ló ń lọ títí. Iyán, ẹ̀fọ́, ẹran ìgbẹ́. Ìlú òyìnbó ló kó ẹ̀jẹ̀ ríru bá wa, oúnjẹ inú páálí àti òtútù. Ẹ lọ wo ilé, ẹ ó rí i pé kò pọ̀ níbẹ̀.

---

Físíò_Mọ́kọ́lá · 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ kan, Bàbá. Ẹ forí jì mí o, mi ò lè bá yín jiyàn àgbà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe ni mo máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn mẹ́rin ló jókòó níta tí wọ́n ń dúró dè mí.

Kì í ṣe ohun àná nílé wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì, tó jẹ́ àgbà dókítà ọpọlọ ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ rọpárọsẹ̀ fún ìlú Ìbàdàn láti 1973 sí 1975. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ló kó àwọn ìlú kan jọ nígbà náà kí wọ́n máa kà á lọ́nà kan ṣoṣo, Ìbàdàn sì wà nínú wọn. Wọ́n rí ènìyàn 318. Wọ́n ṣírò rẹ̀ sí 26 nínú 100,000 lọ́dún. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣíwájú nínú ohun tó fà á, ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, nígbà tí indomie ò tíì wọ ìlú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láyé.

---

Bàbá_Camberwell · 1:48 ọ̀sán

Ó dáa, mo gbọ́. Ọ̀ṣúntókun kì í ṣe ọmọdé, mo mọ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n 26 àti 247, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé ẹ ò rí i pé òótọ́ lọ̀rọ̀ mi, pé ti ilé kò tó ti ibí?

---

Físíò_Mọ́kọ́lá · 2:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ní 1974, bí bàbá àgbà kan bá ṣubú ní Òjé ní òru, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, tó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ló máa lọ sọ fún UCH? Wọ́n á ti sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Wọ́n á ní “ó sùn, kò jí.” Òun kò sí nínú 318 yẹn.

Ìdí kejì ni pé ìlú wa kún fún ọmọdé. Rọpárọsẹ̀ ń wá àgbà kiri. Bí ìdajì ìlú bá jẹ́ ọmọdé, nọ́ńbà á kéré lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ń ṣubú.

---

Olùṣirò_Manchester · 2:31 ọ̀sán

Físíò ti sọ ọ́ parí. Àpẹẹrẹ kan nìyí láti Èkó: àwọn dókítà kan kà á láwùjọ níbẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. Bí wọ́n ṣe kà á lásán, 25.2 nínú 100,000. Nígbà tí wọ́n ṣe é bí ẹni pé ọjọ́ orí àwọn ará Èkó rí bíi ti gbogbo ayé, ó fò sókè sí 54.08. Ènìyàn kan náà, ìlú kan náà. Nítorí náà, Bàbá, ẹ má gbé 26 Ìbàdàn ka orí 25 Èkó kí ẹ ní kò sí ohun tó yí padà láti nǹkan bí ọdún 35. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kà wọ́n yàtọ̀.

---

Bàbá_Camberwell · 2:40 ọ̀sán

Mo ti dákẹ́. Ẹ máa bá a lọ.

(Ṣùgbọ́n bàbá mi lé ní ọgọ́rin o.)

---

Nọ́ọ̀sì_Òru · 11:58 alẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè jókòó ni, ìsinmi oúnjẹ mi nìyí. Yàrá rọpárọsẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, nínú ọsibítù méjì. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń ní in. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń yè é, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fi ojú mi rí àyípadà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá mú ní Lọ́ńdọ̀nù, ọsibítù tó bá sún mọ́ ọn ni áńbúláǹsì ń gbé e lọ. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọsibítù ló ń gbà wọ́n. Bóyá dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà tàbí kò sí, oríire aláìsàn ló kù. Ó lè sùn di àárọ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán orí rẹ̀. Ní 2010, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sí mẹ́jọ. Áńbúláǹsì á kọjá níwájú ọsibítù tó sún mọ́ ilé rẹ, kò ní yà, á gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń dúró dè ọ́ tọ̀sántòru. Àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń bínú sí i nígbà náà: “Ọsibítù wà níbí, ẹ ń gbé bàbá wa lọ sọ́nà jíjìn!” Àwọn tó padà wádìí rẹ̀ rí i pé ikú láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ dínkù ní Lọ́ńdọ̀nù ju bó ṣe dínkù ní ìyókù England lọ.

Ohun tó fa ìkánjú náà ni pé rọpárọsẹ̀ oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan lọ́nà ọpọlọ. Èkejì, iṣan ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya sínú ọpọlọ. Fún ti àkọ́kọ́, oògùn wà tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Bí ẹ bá fún ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́ ní oògùn yẹn, ẹ lè pa á. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, àfi àwòrán orí. Láti bí 2015 pàápàá, ó ti dájú pé a lè ti okùn tín-ín-rín gba iṣan itan dé inú orí, ká fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Mo ti rí ẹni tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ láago méjì, tó ń bínú láago mẹ́fà pé tíì òun kò ní ṣúgà.

Ẹ rántí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ní 2009, tí iná ń jó lórí ènìyàn? Ojú tó wọ́, apá tí kò gbéra, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, àkókò láti pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ó wọ àwọn òyìnbó lórí. Àwa ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo ti gba ìyá kan wọlé tó ti tó wákàtí mẹ́tàdínlógún tí ó ti ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ pe pásítọ̀. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ní Ilésà. Wọ́n fi òróró pa á lára, wọ́n fún un ní omi mu. Omi yẹn, ó gba ọ̀nà èémí, ó lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí ọ̀nà ọ̀fun kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. A máa ń yẹ ìyẹn wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni ní ṣíbí omi kan. Ìyá náà yè, ṣùgbọ́n kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ di bí mo ṣe ń wí yìí.

Mo ń padà síbi iṣẹ́.

---

Ìyá_Ìbejì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ yín.

Ó wá rú mi lójú. Bí ó bá dínkù, tí àwọn tó ń kú sì dínkù, kí ló dé tí mo fi ń rí àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ní ọjà níbí, n kì í lọ kí n má rí méjì.

---

Olùṣirò_Manchester · 7:45 àárọ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ ronú nípa àmù. Omi tó ń wọ inú àmù ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní in. Ibi tó ń jò nídìí ni àwọn tó ń kú. Bí ẹ bá dín omi tó ń wọlé kù díẹ̀, tí ẹ sì lẹ ibi tó ń jò, àmù á kún síi. Àwọn tó ń fi ọ̀pá rìn tí ẹ ń rí lọ́jà, àwọn tí ọdún 1990 ìbá ti pa ni.

Ẹ tún fi èyí kún un: àwòrán orí òde òní ń rí àwọn kéékèèké tí dókítà ayé àtijọ́ á pè ní òòyì. Àwọn kéékèèké kì í pa ènìyàn púpọ̀. Bí a bá kà wọ́n mọ́ ọn, á dà bíi pé àìsàn náà ti rọjú. Apá kan rẹ̀ òótọ́ ni, apá kan rẹ̀ ìyípadà ojú tí a fi ń wò ó.

Èyí tó kan wa jù nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà á. Nínú àkọsílẹ̀ gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà, wọ́n rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú máa ń pẹ́ láyé lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ju òyìnbó lọ, pàápàá àwọn tó ti lé ní ọdún 65. Inú ẹni lè dùn sí i. Ṣùgbọ́n ó tún ń bá wa ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú àwọn òyìnbó. A ń tètè kó o, a sì ń pẹ́ nínú rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún 43, bí Ọlọ́run bá fún un ní ọjọ́ orí bàbá Bàbá Camberwell, ó máa gbé e fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́tàdínlógójì.

---

Àbẹ̀kẹ́_SE15 · 8:02 àárọ̀

Olùṣirò, gbólóhùn ìkẹyìn yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Àbíkẹ́yìn wà ní kíláàsì kejì.

---

Adúró_Nínú_Òótọ́ · 9:30 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ gírámà. Ènìyàn mẹ́ta nínú ìjọ kan ṣoṣo láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni? Ẹ lọ wádìí ẹni tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ láti ilé. Rọpárọsẹ̀ tó dédé gbá ènìyàn bí ẹni gbá etí, kì í ṣe ojú lásán. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n.

---

Tẹ̀mi_Ò_Kan_Yín · 9:33 àárọ̀

Mo ti ń retí yín láti àná 🍿

---

Físíò_Mọ́kọ́lá · 12:50 ọ̀sán

Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni tó gbà pé ayé ń ṣe nǹkan. Inú ilé tí wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, bí àwọn aláìsàn mi ṣe ń wọlé, tí mo bá bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ní BP tẹ́lẹ̀?” àwọn kan á ní rárá. Àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n “mo ti fi oògùn sílẹ̀ nítorí ara mi ti yá.” Ó dédé gbá a, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti ń yọ́ wá bọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn. Bí ó bá ń dun ni bí eyín, kò sí ẹni tí kò ní wá oògùn rẹ̀.

Ohun kan ni mo bẹ̀ ẹ̀yin tó gbà pé ayé ni: ẹ gbàdúrà yín, ẹ ṣe ètùtù yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é lójú ọ̀nà ọsibítù. Ẹ má sì da àgbo sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ti sọ ìdí rẹ̀.

---

Ọmọ_Àwórì · 3:05 ọ̀sán

Ojú ọ̀nà ọsibítù wo? Ẹ̀yin Lọ́ńdọ̀nù ń sọ wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Èkó ni mo wà. Nígbà tó ṣe bàbá ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá, a lo wákàtí méjì nínú gọ́síló. Ibi tí a kọ́kọ́ dé, wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ibi kejì, ẹ̀rọ àwòrán orí ti bàjẹ́. Ibi kẹta, ẹ san owó kí a tó tan ẹ̀rọ. Alẹ́ Sọ́ńdè, POS ò ṣiṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó mọ̀ pé iṣan ló bẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni bàbá lò kí wọ́n tó kú. Ẹ̀yin tó ń ṣírò, ẹ kọ èyí náà sílẹ̀.

---

Olùṣirò_Manchester · 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ọmọ Àwórì. Ẹ kú ìrọ́jú.

Kò sí ohun tí mo lè fi kún un ju pé ohun tí ẹ sọ yẹn wà nínú ìṣirò àgbáyé. Ní 2009, àwọn kan kó gbogbo àkọsílẹ̀ tó dára jọ láti 1970 sí 2008. Láwọn ìlú olówó, àwọn tó ń ní rọpárọsẹ̀ fi ìdá 42 nínú 100 dínkù. Láwọn ìlú tí kò lówó, ó lé ní ìlọ́po méjì. Ogójì ọdún kan náà ni.

---

Ìyá_Ìbejì · 4:00 ọ̀sán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí wá ni a ṣe tí ti òyìnbó fi wálẹ̀ tí tiwa fi dúró? Lọ́ńdọ̀nù kan náà, GP kan náà. Ṣé inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Òru · 5:36 ìrọ̀lẹ́

Mo ti jí. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn kí n tó lọ.

Àwọn òyìnbó kò ṣe idán. Sìgá ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ní July 2007 òfin lé e kúrò nínú pọ́ọ̀bù. Láti 2004, ìjọba ń san owó fún GP tó bá jẹ́ kí BP àwọn aláìsàn rẹ̀ wálẹ̀, kì í ṣe pé ó kàn kọ oògùn. Iyọ̀: ìjọba ń fòòró àwọn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì àti oúnjẹ inú páálí láti dín in kù díẹ̀díẹ̀ láìpariwo. Láti 2003 sí 2011, iyọ̀ tí ẹnì kan ń jẹ lójúmọ́ ní England bọ́ láti gíráàmù 9.5 sí 8.1. Ìwọ̀nba ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló ṣe é, wọn ò tilẹ̀ mọ̀.

Iyọ̀ tiwa kò sí nínú búrẹ́dì. Inú ìkòkò wa ló wà. Máàgí mẹ́fà sínú ọbẹ̀ kan, iyọ̀ lórí rẹ̀, irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí, lẹ́yìn náà a tún wọ́n sórí oúnjẹ. Ìjọba ò lè wọ ilé ìdáná wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ alẹ́. Ẹ wo ara yín. Ẹni tó ń ṣe kíà (ìtọ́jú àgbà) lóru, tó ń ṣe kílínà láàárọ̀, ìgbà wo ló máa rí GP? Àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ti NHS (ètò ìlera ìjọba), láti ogójì ọdún sí mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún márùn-ún. Tiwa ń bẹ̀rẹ̀ kí ogójì tó pé.

Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ fún ara yín ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun: oògùn BP kì í jẹ́ kí ọkùnrin lè ṣe ojúṣe rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó. Oríṣiríṣi oògùn BP ló wà. Bí ọ̀kan bá ń ṣe yín báyìí, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jù ú sínú dírọ́ọ̀ kí ẹ máa mu omi àlùbọ́sà.

---

Olùṣirò_Manchester · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ní ti “inú ẹ̀jẹ̀ wa ni,” ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà. SIREN lorúkọ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn ló wà níwájú pẹ̀lú Bruce Ovbiagele ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2018. Wọ́n mú ènìyàn 2,118 tó ní rọpárọsẹ̀, wọ́n wá iye kan náà tí kò ní in, ọlọ́jọ́ orí àti ìran kan náà, wọ́n fi wọ́n wé ara. Ohun mọ́kànlá tí ènìyàn lè yí padà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo rẹ̀, ìdá 98.2 nínú 100. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló jẹ́ olórí wọn, ìyókù ń tẹ̀ lé e lókèèrè: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ikùn ńlá, iyọ̀ tí a tún ń wọ́n sórí oúnjẹ, àníyàn, ẹran àjẹjù, àìjẹ ewébẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Camberwell, ẹ ṣẹ́gun lórí ẹ̀fọ́.

---

Bàbá_Camberwell · 6:22 ìrọ̀lẹ́

Mo ti sọ bẹ́ẹ̀! Àgbà kì í ṣìnà pátápátá.

---

Tẹ̀mi_Ò_Kan_Yín · 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ẹran àjẹjù ti pa òwàńbẹ̀ 😭 Kí la fẹ́ máa fi jẹ ìrẹsì?

---

Olùṣirò_Manchester · Ọjọ́rú, 9:00 àárọ̀

Mo gbàgbé ohun kan lánàá, kò sì dáa kí n fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ mú wá dúró sí 2010. Ní 2025, àwọn alákòóso àkọsílẹ̀ yẹn tún sọ̀rọ̀: ó wálẹ̀ títí di nǹkan bí 2014, ṣùgbọ́n ní 2020 sí 2024 ó ti tún gòkè, ní ìdá 13 nínú 100. Àwọn tó ti Áfíríkà wá sì ń ní in ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ. Nítorí náà kì í ṣe ojú yín ló ń tàn yín jẹ nínú ìjọ.

---

Àbẹ̀kẹ́_SE15 · Ọjọ́ Jímọ̀, 7:40 alẹ́

Mo padà dé. Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì, mo wo baálé mi. Ọmọ ọdún 47 ni, alágbára, kò mọ ọ̀nà ilé GP. Mo gbọ́ pé ilé ìtajà oògùn níbí máa ń wọn BP lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti lé ní ogójì, kò gba kí a kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Mo ní kó sìn mí lọ ra pírítọ́ọ̀nù. Bí a ṣe dé ibẹ̀ ni mo ní, “Jókòó.” Ó bínú, ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn ń tì í, ó jókòó.

168 lórí 102.

Ó ní ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Wọ́n wọn apá kejì. 171. Ó ní a ti rìn kíákíá ni. Wọ́n ní kó jókòó kó sinmi, wọ́n tún un wọn. Kò wálẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i lápá tó gbé sùn mọ́jú, tó ń fún apá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lónìí, GP ti kọ oògùn fún un. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun máa lò ó. Mi ò dá a lóhùn.

Awakọ̀ wa ti gbé ìka méjì lánàá.

---

Tẹ̀mi_Ò_Kan_Yín · 7:58 alẹ́

Ẹ kú ewu o, Àǹtí.

Ẹ jọ̀wọ́, ilé ìtajà oògùn yẹn, ṣé wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé? Ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ mọ̀. Ọmọ ọdún 41 ni.

---

Nọ́ọ̀sì_Òru · 8:03 alẹ́

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ yẹn kó má mu kọfí kó tó lọ, kó sì tọ̀ kó tó jókòó. Kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kó má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

---

Tẹ̀mi_Ò_Kan_Yín · 8:04 alẹ́

Ìyẹn tí kó má sọ̀rọ̀ yẹn ló máa le.